Bí Igi Lápálápá Gígé Ṣe Ń Di Ọgbà

Ewúrẹ́ ló ń pinnu irú igi tí èèyàn lè fi ṣọgbà ní Ìbàdàn. Pèrègún dára fún ààlà ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dí àlàfo. Àgúnmaníyè ń yára hù, ó sì ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, àmọ́ láwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn olùwádìí tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè fi ewé rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹni tó bá fi í ṣọgbà ti sè fún ewúrẹ́ àdúgbò nìyẹn. Lápálápá ni ewúrẹ́ máa ń gbóòórùn, tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Ẹni tó bá ti gbin igi pákí rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Igi tó gbó díẹ̀ ni wọ́n ń gé, èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, tó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì. Wọ́n á já ewé ara rẹ̀ dànù, torí ewé ń fa omi nígbà tí kò tíì sí gbòǹgbò tó máa wá omi. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́, wọ́n á gé òkè rẹ̀ ní dọ́gba, kí wọ́n má bàa dorí rẹ̀ kodò. Èyí kì í ṣe àṣejù. Èròjà kan wà nínú igi tó máa ń ti ọ̀mùnú orí rẹ̀ ṣàn wá sísàlẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé ló máa ń wọ́ jọ sí, torí kò rọ́nà lọ mọ́, òun ló sì ń mú kí ibẹ̀ ta gbòǹgbò.

Oje lápálápá pọ̀. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n sì rì í mọ́ ilẹ̀ tútù lójú ẹsẹ̀, ó lè rà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi í síbi òjìji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. (Aṣọ tí oje náà bá kán sí, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ.) Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbìn ín ní ìlà méjì tí kò kọjú síra wọn gan-an, bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sí ara wọn, ó kéré tán ojú igi méjì, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, á wọlẹ̀.

Oṣù kẹrin, tí òjò ti ń rọ̀ déédéé, ló dára jù. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á bá a láìtíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ewé àkọ́yọ ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ojú igi á là, ewé á yọ, onílé á sì dáwọ́ omi bíbu dúró. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó wà nípamọ́ nínú igi ni ewé yẹn ń jẹ. Gbòǹgbò lè má tíì sí rárá. Bí òjò bá dá lásìkò náà, ewé á rọ, igi á gbẹ, wọ́n á wá máa sọ pé, "Ó kúkú ti hù o!" Ẹlòmíràn á fà á tu láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò, á sì já ìwọ̀nba fọ́nrán tó ti yọ. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí wọ́n fi bomi rin ín bí òjò kò bá sí.

Nígbà tó bá ga dé orúnkún, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí. Ó máa ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n èròjà tó ń ti orí ṣàn wá yẹn náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ là. Tí orí bá ti kúrò, ẹ̀ka á yọ láti ìsàlẹ̀, ọgbà á sì dí. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí á pá, adìẹ á sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà. Èso rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà nílé tí ọmọdé bá wà, wọ́n á máa rẹ́ ẹ kó tó so. Àwọn igi tí wọ́n bá rẹ́ kúrò tó sì gbó tó, àwọn náà ni wọ́n fi ń dí àyè èyí tó kú.