Ọkọ̀ Kò Tíì Rí Omi, Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ti Wọ́

Láàárín oṣù mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin ló ti gbé HMS Victory wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun gidi tí wọ́n gbé kúrò lójú omi ní Portsmouth lọ́dún 1922 o. Mọ́dẹ̀lì onígi ni mo ń wí, èyí tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, tí ẹni tó bá rà á yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó kan ọkọ̀ kankan rí. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó kan àpótí ìjókòó rí. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sì bá wọlé: "Bọ̀dá, ó kù díẹ̀ kó parí, ẹ kàn bá mi fọwọ́ tọ́ ọ." Mo ṣí ọ̀rá, mo wò ó. Ohun tó kù díẹ̀ kó parí ni owó ọwọ́ wọn.

Mo mọ ibi tí àrùn Victory ti ran àwọn èèyàn wa. Yinka Shonibare, ọmọ wa, ló fi ọkọ̀ náà sínú ìgò ràgàjì kan, tó fi aṣọ ańkárá ṣe ìgbòkun rẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n gbé e sí Trafalgar Square, Greenwich ló wà báyìí. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ wo ijó egúngún kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ lọ bọ́ sábẹ́ agọ̀.

Àgbá 104 ni Victory ní. Ihò kọ̀ọ̀kan tí àgbá ń gbà yọjú gbọ́dọ̀ tò sí ojú ìlà kan náà, kò gbọdọ̀ ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ayọ̀ ṣe ìkíní, èpè ni yóò fi ṣe ogójì. Àwọn oníṣẹ́ Chatham tó kan èyí gidi, ọdún 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún 1765 ló tó bọ́ sómi, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ fẹ́ parí tiyín kí Kérésì tó dé.

Ẹ ra ọkọ̀ olópó kan, èyí tí kò gùn ju apá lọ, tí kò ní àgbá. Tí ẹ bá parí ẹ, tí ẹ ò sì bínú sọ ọ́ gba ojú fèrèsé, ẹ wá lọ ra HMS Beagle. Woolwich níbí ni wọ́n ti kan ìyẹn, ọdún 1820 ló bọ́ sómi, òun ló sì gbé Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, káàkiri láti 1831 dé 1836. Bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ yọ ẹ̀yà igi kúrò lára pátákó tí ẹ̀rọ ti gé, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹni tí kò bá lè ka àwòrán, kó ra èyí tí wọ́n ti kàn parí.

Ohun tó gbé mi dìde lónìí ni egungun ìhà.

Ẹ wo egungun ẹja lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Bí ọkọ̀ yín ṣe rí nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: igi gígùn kan ni ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn igi kéékèèké tó dábùú rẹ̀ ni ìhà. Orí ìhà wọ̀nyí ni ẹ ó ti wá lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí ara ọkọ̀ yóò fi dí. Ẹ̀rọ tó gé ìhà náà gé e gún, etí rẹ̀ mú bí etí àpótí. Bẹ́ẹ̀ ara ọkọ̀ kì í lọ gún. Láti àárín lọ sí imú, ńṣe ló ń tẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá wá gbé pákó lé orí ìhà tí ẹ kò tíì rẹ́, góńgó etí rẹ̀ nìkan ni pákó yóò fara kàn. Gúlù kò ní rí ibi dì mú. Ẹ ó fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀ tipátipá, pákó yóò jìn sí ibì kan, yóò wú sí ibòmíràn, ara ọkọ̀ á wá dà bí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin tí ebi ń pa.

Nítorí náà, ẹ rẹ́ ẹ. Ẹ lẹ sáńpépà nọ́ńbà 120 mọ́ igi pẹlẹbẹ kan tó gùn tó láti kan ìhà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè tẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi ìka ti sáńpépà, ìka kò mọ ohun tó tẹ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi igi fífúyẹ́ dí àlàfo ìhà méjì àkọ́kọ́ níwájú, kí imú ọkọ̀ lè ní ara. Ẹ rẹ́ díẹ̀, kí ẹ mú pákó kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ ẹ́ lé orí ìhà mẹ́rin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó níwájú iná. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín pákó àti ìhà, ẹ padà sídìí sáńpépà. Bí ìhà kan bá ti kéré jù, ẹ lẹ igi fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, ẹ tún rẹ́ ẹ. Lórí ọkọ̀ kékeré, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ń lò nídìí èyí kí n tó fọwọ́ kan pákó kan. Ọ̀kan nínú àwọn ará Victory bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni. Ìṣẹ́jú!

Òun náà ló kan pákó sí ọ̀tún tán pátápátá kó tó bọ́ sí òsì. Gúlù gbẹ, pákó fà, ẹ̀yìn ọkọ̀ tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀tún kan, òsì kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kàn án, kí agbára méjèèjì lè máa di ara wọn mú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yìn tó wọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, èèyàn lè tọ́ ọ. Èyí tí pákó ogójì ti fà wọ́, àfi ká tú u.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ju ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ fi bébà wọn ìhà tó tóbi jù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 100, tí pákó yín sì fẹ̀ tó 5, ogún pákó ni yóò gba ibẹ̀. Ẹ wọn ìhà imú. Bó bá jẹ́ 60, ogún pákó yẹn náà ni yóò wọ ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tín-ín-rín dé 3. Ẹ fi ọ̀bẹ àti ìfági fá a kó máa tín-ín-rín lọ. Ẹ má jẹ́ kó kéré ju ìdajì ìbú rẹ̀ lọ. Bí ìṣirò bá fi hàn pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí pákó mélòó kan parí lójú ọ̀nà. Ní ìdí ọkọ̀, òdìkejì ló sábà máa ń rí, ẹ̀yin lẹ ó máa wá igi sọ́ńṣó kún àlàfo. Àwọn tí kò ṣe ìṣirò yìí ló máa ń sọ pé pákó tí wọ́n kó sí páálí kò dára.

Ó wá ku àwọn oníṣègùn igi. Ẹnìkan ti sọ fún ọmọkùnrin kan pé kó rẹ pákó sínú amóníà mọ́jú kó lè tẹ̀. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ọkọ̀ náà ń rùn bí ilé ìtọ̀ ọjà. Amóníà tó ń mú kí igi rọ̀ wà lóòótọ́, èyí tí kò ní omi rárá, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣí ìdérí rẹ̀ nínú ilé. Èyí tí ẹ rà níbi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ ìfọlẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yóò ba àwọ̀ igi jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ló ń tẹ igi. Ohun tó so okùn inú igi mọ́ra máa ń rọ̀ tí ooru bá kàn án, á sì tún le tó bá tutù. Ẹ ò rí alágbẹ̀dẹ kó rẹ irin sómi mọ́jú kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi tó fún pákó fẹ́lẹ́, kí iná má bàa jó o. Lẹ́yìn náà ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ dì í mọ́ igi tó tẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Pákó tó mumi máa ń wú. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù, tó bá gbẹ, á sún kì, àlàfo á là gbàgà láàárín ìkíní àti ìkejì.

Màmá kan sì tún wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kan mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ Cutty Sark, ó dára níwọ̀nba, wọ́n gbé e sí pálọ̀. Wòlíì kan wọlé, ó ní obìnrin tó na ọwọ́ síta ní imú ọkọ̀ yẹn, Mami Wata ni, òun ló dí ọmọ náà lọ́wọ́ tí kò fi níyàwó. Ó gba owó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ère náà. Màmá ní kí n bá òun lẹ òmíràn tó jẹ́ áńgẹ́lì. Cutty Sark, Dumbarton ni wọ́n ti kàn án ní 1869, Greenwich ló wà, ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín lọ wò ó. Ère imú rẹ̀ kì í ṣe Mami Wata. Àjẹ́ ni, Nannie lorúkọ rẹ̀, inú ewì ilẹ̀ Scotland ló ti jáde, ìrù ẹṣin ló sì dì mú. Wòlíì náà kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń lé. N kò sọ fún màmá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí sáńpépà, nítorí àwọn tó gbọ́ tèmi, tí wọ́n ń rẹ́ igi dáadáa, àwọn ló wá ń bà mí lẹ́rù báyìí.

Ẹ wo orúkọ igi tó wà nínú páálí. Èyí tí wọ́n pè ní mahogany, sapele ni lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta ni wọ́n fi sọ ọ́. Èyí tó rọ̀, tó funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìpele pákó àkọ́kọ́, wọ́n lè kọ ayous sí i, wọ́n lè kọ obeche. Arère ni! Arère tí bàbá mi fi ń ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù l'Ábẹ́òkúta, ẹ lọ fi owó pọ́n-ùn rà á nínú páálí. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku arère máa ń fa ikọ́ fée, ó ti mú káfíńtà púpọ̀. Eruku igi líle máa ń fa jẹjẹrẹ imú. Òfin ilẹ̀ yìí ní eruku igi líle tí òṣìṣẹ́ ń fà símú kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 3 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ń rẹ́ igi nínú yàrá lóru, ẹ ti fèrèsé pa torí òtútù.

Bàbá mi kò mọ èyí. Ìrókò ló ń là jù, torí òun lówó ń bẹ nídìí ẹ̀. Tó bá ti la ìrókò, lálẹ́ ọjọ́ náà àyà rẹ̀ á máa súfèé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣe é: olúwéré inú igi ló ń bá a jà, torí kò tọrọ àyè kó tó gé e. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn gba ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún padà wá gba àgbò. Ara rẹ̀ máa ń yá tó bá di Sátidé alẹ́, a sì jọ máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Mọ́ńdè, tó bá padà sídìí ayùn, ó tún di fée. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé irú olúwéré wo ló ń pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni nígbà tó jọ̀wọ́ ayùn, èémí rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́.

Èmi náà kò mọ̀, títí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lákọ̀tun ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùkọ́ pín ìwé kan fún wa, orúkọ àwọn igi tí eruku wọn ń ba èémí jẹ́. Mo ń kà á lọ, èdè àjèjì ni gbogbo rẹ̀, àfi ìgbà tí mo kan ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní láti túmọ̀ fún mi: iroko. Mo jáde kúrò ní kíláàsì.

Ìbòjú aláwọ̀ búlúù ìgbà Kòrónà yẹn kò wúlò. FFP3 ni kí ẹ béèrè, kó mọ́ imú pinpin. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó mọ́. Ẹ rẹ́ igi níta tàbí ní gáréèjì, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ fà á.

Ẹnì kẹrin nínú àwọn ará Victory, bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń húkọ́. Yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń sùn ló ti ń rẹ́ igi. Ó ní òun ti ń mu àgbo láti oṣù kan sẹ́yìn. Mo ní kó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì dárúkọ igi náà fún un. Ó ní ṣé kí n kúkú máa bá òun ṣiṣẹ́ lọ ná. Mo ní rárá. Ọkọ̀ náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, mo fi ọ̀rá bò ó, n kò sì tíì rí i kó padà wá.