Ẹ̀dínwó olùkọ́ fún òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ló ń ra ìwé, ló ń ra dátà, ló tún ń jókòó ti ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán. Bó bá wá gbọ́ pé àwọn ilé ìtajà kan ń dín owó fún olùkọ́, dandan ni kó béèrè pé ibo lòun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tí àwọn òbí ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ àti Ọyẹ́ máa ń béèrè jù la kó jọ síbí, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ta ló ń fúnni ní ẹ̀dínwó olùkọ́? Ṣé ẹ̀tọ́ ni?

Ọlọ́jà ló ń fúnni, kì í ṣe ìjọba. Olùkọ́ máa ń ra nǹkan léraléra, òun náà ló sì ń sọ fún òbí pé ìwé báyìí ni kí wọ́n rà. Torí ẹ̀ ni ọlọ́jà ṣe ń wá ojú rere rẹ̀. Kò wá sí ẹ̀tọ́ níbẹ̀ tí èèyàn lè fi bá ọlọ́jà jà. Ohun tó bá kọ sínú ìlànà rẹ̀ ni abẹ gé. Bó bá kọ ọ́ pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni, òbí ò sí níbẹ̀, bó ti wù kó kọ́ ọmọ dáadáa tó. Bó bá sì dárúkọ òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ wà níbẹ̀ gbangba.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n yéé bi ara wọn pé "ṣé olùkọ́ ni mí?" Olùkọ́ ni yín. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ẹni tí ọlọ́jà kọ sílẹ̀, àti ìwé tó fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹni náà.

Àwọn wo ló dárúkọ òbí nínú ìlànà wọn?

Ní Amẹ́ríkà, Apple ka olùkọ́ inú ilé mọ́ àwọn tó lè ra kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dínwó tó wà fún ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ kíláàsì yòówù tí wọn ì báà máa kọ́. Barnes & Noble, tó ń ta ìwé, náà gba òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé sínú ètò olùkọ́ rẹ̀. Ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára iye tí wọ́n kọ sára ìwé tí ẹ fẹ́ fi kọ́ni, ìyẹn ni pé ìwé 20 dọ́là á di 16. Ìwé tí ẹ fẹ́ fi ta ẹnìkan lọ́rẹ ò sí nínú ètò yẹn.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò tó wà ní Houston ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá ó lè bá wọn ra á ní owó olùkọ́ kó fi ránṣẹ́ sí Adó. Bí àbúrò náà ò bá kọ́ ọmọ kankan nílé, kò kúnjú ìwọ̀n, ó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ wéwu. Bó bá tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀, ẹ̀kọ́ tiwọn ni wọ́n torí ẹ̀ dín owó fún un. Kó ra tiyín ní iye tí gbogbo ayé ń rà á.

Nǹkan kan wà tí àwọn ará wa lọ́hùn-ún máa ń ṣì mú. Owó-orí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dín fún olùkọ́ tó fi owó ara rẹ̀ ra ohun èlò kò kan òbí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán 900 wákàtí lọ́dún nínú ilé-ẹ̀kọ́ ló wà fún. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé owó-orí yín.

Mo jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé, Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ìwé wo ni kí n fi hàn?

Ó dá lórí ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ní California, òbí a máa kọ ìwé ìbúra tí wọ́n fi ń forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà lọ́dọọdún. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀rí yín. Ní New York, òbí a kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ. Èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà lẹ óò lò, torí lẹ́tà tí ẹ fúnra yín kọ kò wúwo tó èyí tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Texas ló ṣòro díẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1994 pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ilé òbí jẹ́, àmọ́ kò sí ọ́fíìsì tí ẹ máa forúkọ sílẹ̀ sí, kò sì sí èsì tí ẹ máa gbà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sábà máa ń lo káàdì ẹgbẹ́. HSLDA, ẹgbẹ́ tó ń fi òfin dáàbò bo àwọn òbí bẹ́ẹ̀ láti 1983, máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní irú káàdì yìí.

Mo fi ìwé ránṣẹ́, ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọ̀ ọ́. Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í yẹ ìwé wò fúnra wọn, wọ́n ń gbé e fún ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò bíi SheerID. Ibi tí òbí ti kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ ni àlàfo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ tẹ lẹ́tà díẹ̀, àtòkọ ilé-ẹ̀kọ́ já wálẹ̀, ilé yín ò sí nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò yín torí kí ẹ ṣáà lè kọjá. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà "homeschool" wò. Bí kò bá gbé nǹkan kan jáde, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́jà gan-an kí wọ́n bá yín ṣe é lọ́wọ́.

Orúkọ ló tẹ̀ lé e, ìṣòro tiwa sì ni. Ní Nàìjíríà, orúkọ ìdílé là ń kọ ṣáájú, àlàfo àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù wọn sì máa ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ yín. Ẹ̀rọ á rí Adéyẹmí níbi tó ti ń wá Bọ́lánlé, á sì ní ẹni méjì ni. Bákan náà ni ìyàwó ilé tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí lẹ́tà, tí orúkọ ọkọ sì wà lórí ímeèlì. Kí orúkọ tó wà lórí ìwé bá èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ẹ wá wo fọ́tò tí ẹ yà. Káàdì tí wọ́n fi nálọ́ọ̀nù bò máa ń dán, iná fóònù á sì bọ́ sórí déètì gan-an, á funfun báláú. Ẹ pa iná fóònù, ẹ gbé káàdì sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ẹ yà á láti òkè, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ. Ohun mẹ́ta ni olùyẹ̀wò ń wá: orúkọ yín ní kíkún, orúkọ ẹni tó fún yín níwèé, àti déètì ọdún ẹ̀kọ́ tí a wà nínú ẹ̀. Ìwé ọdún tó kọjá kì í kọjá.

Àwa tó wà ní Èkìtì ńkọ́? Ṣé ìjọba ń fún òbí ní ìwé ẹ̀rí?

Rárá. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ti 2004, ìyẹn UBE, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí rẹ̀. Òfin náà kò ṣètò ìwé kankan fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ìwé-ẹ̀rí TRCN, àjọ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní NCE, B.Ed tàbí PGDE, tó sì yege nínú ìdánwò wọn, ló lè gbà á. Ẹ má fojú kéré èyí. Òbí tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́, tó ti di BOUESTI báyìí, tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, pọ̀ láàárín wa. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ nígbà kan rí, ẹ wá ìwé yín jáde, kí ẹ sì sọ ọ́ dọ̀tun. Ọlọ́jà tó bá ní olùkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lòun ń wá kò ní bi yín pé ta ni ẹ ń kọ́.

Ṣé mo lè tẹ káàdì olùkọ́ fúnra mi?

Ẹ lè ṣe káàdì tàbí lẹ́tà tó sọ òótọ́. Orúkọ yín, "òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé", iye ọmọ àti kíláàsì wọn, ọdún ẹ̀kọ́, nọ́ńbà fóònù, ìfọwọ́sí yín. Ó parí. Ẹ má fi àmì ìjọba Èkìtì sí i, ẹ má sì fún pálọ̀ yín ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, torí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Yíyá káàdì ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ni burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìtànjẹ ni, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yẹn sì lè bá a lọ.

Ní Ọjà Ọba, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀dínwó olùkọ́. Kí ni kí n ṣe?

Òótọ́ ni, owó ọ̀pọ̀ ọjà ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó ra ìwé kan á gba ènì bóyá bírò kan. Ẹni tó ra páálí ni wọ́n ń dín owó fún. Nítorí náà, ẹ ṣe é bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko: ẹ kó ara yín jọ. Ẹ̀dínwó tiwa gan-an nìyí, ó sì dára ju káàdì lọ.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdílé mẹ́rin fẹ́ ìwé kan náà, mẹ́ta mẹ́ta, ó di 12. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 3,500 náírà, tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn sì gbà láti yọ ìdá 10, ẹ ti rí 4,200 náírà. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá gba 3,000 láti gbé e wá sí gáréèjì Adó, 1,200 ló kù, 300 péré fún ìdílé kan. Bí ẹ bá jẹ́ ìdílé mẹ́jọ tó ra 24, ẹ̀dínwó á di 8,400, owó ọkọ̀ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ lé. Iye ìwé ló ń mú èrè wá, nítorí náà ẹ béèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó yọ̀ sí ẹ̀dínwó. Kí ẹnìkan di owó mú, kí ó sì gba rìsíìtì tó kọ orúkọ ìwé àti iye ẹyọ.

Ìwé tí wọ́n bá dín owó rẹ̀ jù ní ohun tó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ tí ojú ewé rẹ̀ kò bá ìwé iṣẹ́ ṣíṣe mu mọ́. Ẹ wo ọdún ìtẹ̀jáde ní àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé. Ó sì lè jẹ́ ayédèrú. Ẹ fi omi díẹ̀ sí àtàǹpàkò, ẹ fi ra ojú ewé kan: bí yíǹkì bá tẹ̀ lé ọwọ́, ẹ dá a padà. Ẹ ṣí i láàárín pẹ̀lú, kí ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé. Àwòrán tó ṣú dùdù àti ojú ewé tó fò ló ń da ọmọ láàmú jù.

Kí ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò béèrè ìwé kankan?

Ó pọ̀. Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, Khan Academy Kids sì wà fún ọmọ ọdún 2 sí 8. PhET ti yunifásítì Colorado ní àwòṣe sáyẹ́ǹsì tí ọmọ lè fọwọ́ yí. Fún àwa tí dátà ń ná lówó, Kolibri, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé ẹ̀kọ́ jáde láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ: ẹ wa ẹ̀kọ́ sórí laptop kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí fóònù àwọn ọmọ máa gbà á lára laptop náà nílé láìsí dátà. African Storybook ní ìtàn lédè Yorùbá, wọ́n sì fàyè gba kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ewé 500 ló wà nínú rímù bébà A4 kan; bí ẹ bá tẹ ojú méjèèjì, tí ẹ fi ojú ewé ìtàn méjì sí ojú bébà kan, ìtàn olójú-ewé 16 á gba bébà mẹ́rin.

Ìgbà wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀?

Oṣù Agẹmọ, kó tó di pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń ra ìwé oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tí ọlọ́jà ò ní ráyè dá yín lóhùn. Kí àtòkọ ìwé àwọn ìdílé ti pé lọ́wọ́ yín nígbà náà, pẹ̀lú ọdún ìtẹ̀jáde àti iye ẹyọ, kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti béèrè iye tí wọ́n máa yọ.