Òǹtẹ̀ ara pálẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àmì májèlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo pálẹ́ẹ̀tì onípákó, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé nínú ọkọ̀ àti ní ilé ìkẹ́rùsí, ni wọ́n ti rẹ sínú òògùn apakòkòrò, àti pé òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Nítorí èyí, pákó tí à bá fi kan àga, pẹpẹ ìwé tàbí àpótí ẹ̀fọ́ a di ohun tí wọ́n ń gbé jù sórí ààtàn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, aburú rẹ̀ sì ni pé ó ń mú ojú wa kúrò níbi tí ewu wà gan-an.

Ìlànà tí ó bí òǹtẹ̀ náà ni ISPM 15, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2002 lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò ohun ọ̀gbìn. Kòkòrò tí ń bá igi tútù rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ní ọdún 1996, wọ́n rí kòkòrò kan láti Éṣíà ní Brooklyn, ní ìlú New York, tí ìdin rẹ̀ ń lu inú igi títí igi náà yóò fi kú. A sì gbà pé inú pákó tí wọ́n fi di ẹrù ni ó gbà wọlé.

Lára òǹtẹ̀ náà ni a ó ti rí kóòdù orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, àti lẹ́tà méjì tí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí igi. Bí ó bá jẹ́ HT, ooru nìkan ni: wọ́n mú kí àárín gbùngbùn igi náà gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, láìfi òògùn kankan sí i. Ooru náà ni DH, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé e wọ inú igi lọ́nà mìíràn. MB ni ó yàtọ̀. Methyl bromide ni, gáàsì olóró tí ń pa kòkòrò, tí ó sì ń ba ìpele ozone tí ó bo ayé jẹ́, èyí tí ó mú kí Àdéhùn Montreal fòpin sí ọ̀pọ̀ ìlò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún títọ́jú ẹrù tí ń kọjá ẹnubodè. Gáàsì kì í dúró sínú igi bí omi òògùn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí HT pọ̀ nílẹ̀, èmi kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi lo MB fún ẹ̀fọ́ tàbí fún ohun tí ń gbé inú ilé.

Òǹtẹ̀ kò lè sọ ohun tí ó dà sórí pálẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kàn án. Igi a máa fa omi mu. Epo ẹ̀rọ, òògùn oko àti omi ara ẹran tútù a máa wọ inú rẹ̀ lọ, fífọ̀ tàbí kíkùn ní ọ̀dà kò sì lè yọ wọ́n tán. Ní ọdún 2010, àwọn tí ń ṣe Tylenol ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ òògùn wọn kúrò lọ́jà nítorí òórùn ohun tí ó bu, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ara kẹ́míkà kan láti inú pálẹ́ẹ̀tì onípákó, èyí tí kò sí lára ohun tí ISPM 15 ní kí wọ́n lò. Nítorí náà, èyí tí ó ní àbàwọ́n tàbí tí ó ń rùn, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí HT bá hàn ketekete lára rẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá lè jẹ́ pé kò kọjá ẹnubodè rí. Àìní òǹtẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ewu, kì í sì í ṣe ẹ̀rí àìléwu. (Àwọ̀ búlúù kì í ṣe àmì kẹ́míkà pẹ̀lú. Ti ilé iṣẹ́ CHEP ni, tí ń fi pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ háyà, tí kì í tà á, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè kàn gbé lọ sílé.)

Àwọn tí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ooru ni HT tún máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ níhà kejì: wọ́n rò pé igi tí wọ́n ti tọ́jú kò ní jẹrà, ikán kò sì ní jẹ ẹ́. Ohun tí ó ti wà nínú igi ni ooru pa. Kò dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àpótí ẹ̀fọ́ tí ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù yóò jẹrà bí pákó èyíkéyìí tí a kò kùn, nítorí náà ó dára kí a gbé e sórí bíríkì, kí a sì jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí jíjẹrà kò ti fi bẹ́ẹ̀ dun ni jù ni àgbá ajílẹ̀: pálẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí a gbé dúró, tí a so mọ́ra ní igun, ti tó, àlàfo àárín pákó wọn yóò sì máa jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú ajílẹ̀ náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹrà, a ó kàn tú okùn rẹ̀, a ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.