Kí Wọ́n Tó Fa Ọkọ̀ Yín

Ọkọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé fáànù bẹ́líìtì lásán ló já tó fi dúró ní Ìwó Road, ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, gíà rẹ̀ ti jóná. Bí wọ́n ṣe fà á ló fa ìyẹn.

Nínú gíà ọtọ̀mátíìkì, pọ́ńpù kan ló ń gbé ọ́ìlì káàkiri, ẹ́ńjìnì ló sì ń yí pọ́ńpù náà. Ẹ́ńjìnì kú, pọ́ńpù dúró. Bí táyà tí gíà ń yí bá wá wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ lọ, táyà ni yóò máa yí irin inú gíà, ọ́ìlì kò sì ní dé ibẹ̀. Irin á máa ha irin, á gbóná, á jóná. Fífi gíà sí fírì kò gbà á sílẹ̀.

Ojú omi ni iṣẹ́ fífà ti bẹ̀rẹ̀. Ní England, ẹṣin ló máa ń rìn létí omi tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ọkọ̀ ojú omi kò ní gíà, okùn tó o. Ní 1916 ni Ernest Holmes, ará Chattanooga ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀pá mẹ́ta, púlì àti ṣéènì sórí Cadillac kan kó lè máa gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́.

Gbígbé yẹn gan-an ni kí ẹ bèèrè fún. Mìkírà tó kún ìgboro Ìbàdàn, Corolla àti Sienna, táyà iwájú ló ń wọ́ wọn: iwájú ni kí tówin fáànù gbé sókè, kí ẹ tú háńbíréèkì. Hiace, táyà ẹ̀yìn ni: kí wọ́n gbé ẹ̀yìn, kí wọ́n so sítíárìn kó má yà, tàbí kí wọ́n tú ṣáàfù kúrò. Èyí tí gíà ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá fáànù tó máa gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Owó rẹ̀ ga, kò sì tó owó gíà.

Okùn, ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, èyí tí kì í ṣe ọtọ̀mátíìkì, ló bá a mu. Ẹ lo náílọ́ọ̀nù bíi mítà 4. Ó máa ń nà díẹ̀ bí ọkọ̀ iwájú bá gbéra. Ṣéènì kì í nà, ara irin tí wọ́n so ó mọ́ ló ń jìyà. Ẹ má so okùn mọ́ bàǹpà. Ìkọ́ tó wà fún un máa ń wà ní búútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì (ọ̀pọ̀ tòkúńbọ̀ kò ní in mọ́, ẹ yẹ tiyín wò). Ẹ ṣí ìdérí kékeré ara bàǹpà, ẹ yí ìkọ́ náà wọ ibẹ̀, ẹ fi sípánà táyà mú un le. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i sí òsì. Àwọn ọkọ̀ Jámánì kan rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń darí ọkọ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣí kọ́kọ́rọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn lè há. Búrèkì máa le lẹ́yìn títẹ̀ bíi mẹ́ta, nítorí ẹ́ńjìnì ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá, ẹni ẹ̀yìn ni kó máa rọra tẹ búrèkì kí okùn má dẹ̀, kó má lọ kọ lu ẹni iwájú. Ẹ so aṣọ pupa sáàárín okùn. Kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í: bí ó bá já, ó ń ṣeni léṣe.

Ẹ dúnàádúrà, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ kí wọ́n tó so ó. Bí ẹ bá délé, ẹ wo ọ́ìlì gíà. Bí ó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, ẹ má tíì wà á.