Bí sẹ́tìn binder jetting ṣe ń tún iṣẹ́ ṣe tàbí bà á jẹ́

Binder jetting, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi príńtà 3D tẹ nǹkan látinú páúdà, ò ní léésà nínú, kò sí nǹkan kan tó ń yọ́ irin nígbà tí príńtà bá ń ṣiṣẹ́. Rólà á tẹ́ páúdà, orí príńtà á wá kán báíndà, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi, sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó mú, pèpéle á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, rólà á tún tẹ́ òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ títí iṣẹ́ á fi parí. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Emanuel Sachs àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gba páténtì ẹ̀ ní 1993. Tó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ohun tó jáde, tí wọ́n ń pè ní green part, ò tíì lágbára rárá, inú ìléru ló ti máa di irin gidi. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìléru, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nǹkan ti bà jẹ́ látinú páúdà.

Sẹ́tìn tó ṣe pàtàkì jù ni saturation. Hóró páúdà kì í kún àyè tán, nǹkan bí ìlàjì sí 60% ni irin, ìyókù afẹ́fẹ́. Saturation ló ń sọ ìdá mélòó nínú àyè afẹ́fẹ́ yẹn ni báíndà máa gbà. Tó bá kéré, báíndà ò ní rin dé ìsàlẹ̀ ìpele, àwọn ìpele ò ní di ara wọn mú, wọ́n á ṣí kúrò lára ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbọn páúdà dànù. Tó bá pọ̀ jù, á jò kọjá ibi tí wọ́n yà fún un, etí iṣẹ́ á nípọn, ihò kéékèèké á dí, ara ẹ̀ á rí gbáragbàra. Kò tán síbẹ̀ o, báíndà tó pọ̀ tí ò jóná tán máa ń fi kábọ̀nù sínú irin, stainless tí kábọ̀nù bá sì wọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà níbi tí ò yẹ.

Àmọ́ saturation ò dá dúró. Ẹni tó bá gbé ìpele láti 50 sí 100 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), tí iye báíndà tó ń kán ò yí padà, ti dín saturation sí ìlàjì láìfọwọ́ kàn án. Ìpele tó tín-ín-rín jù náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ó yẹ kó nípọn ju hóró tó tóbi jù lọ dáadáa, ó kéré tán ìlọ́po méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rólà á máa wọ́ hóró kiri, á sì fi ìlà sílẹ̀.

Gbígbẹ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wọ́n ti ń ṣàṣìṣe jù. Hítà máa ń kọjá lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, tí ò bá gbẹ tó, páúdà tútù á lẹ̀ mọ́ rólà, rólà á sì ti iṣẹ́ kúrò lójú ààyè ẹ̀, tó bá sì gbẹ jù, ìpele tuntun ò ní rí nǹkan dì mú. Nítorí náà ẹni tó bá fi kún saturation tí ò fi kún àkókò gbígbẹ, ńṣe ló paarọ̀ ìṣòro kan sí òmíràn.

Rólà tó bá yára jù máa ń tẹ́ páúdà ségesège, ibì kan á kì, ibì kan á fúyẹ́. Páúdà kíkúnná máa ń sinter dáadáa, ìyẹn ni pé hóró ẹ̀ máa ń lẹ̀ pọ̀ di irin kan nínú iná ìléru láìyọ́ tán, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣù jọ, pàápàá tí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ségesège yẹn ń fà máa hàn tó bá dé ìléru: 316L, irú stainless kan, máa ń sún kì níbi bíi 1,350 sí 1,400 °C, ó lè fi 15 sí 20% dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tó fúyẹ́ á sì dín ju ibi tó kì lọ, bí iṣẹ́ ṣe ń wọ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n wọn green part, kí wọ́n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n kó tó wọ ìléru, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ kúúbù kéékèèké pẹ̀lú saturation àti àkókò gbígbẹ tó yàtọ̀ síra. Èyí tí igun ẹ̀ mú, tí ìwọ̀n ẹ̀ pé, tí ò sì fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, sẹ́tìn tiẹ̀ ni kí wọ́n fi tẹ iṣẹ́ ńlá.