Bí Ibà Apọ́njú Ṣe Bí Iṣẹ́ Atọpinpin Àrùn

Kí ìjọba tó ní ẹni tó ń tọpinpin àrùn láti abúlé dé abúlé, wolé-wolé la mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn a wọ agboolé, wọn a ṣí ọmọrí àmù, wọn a wò ó bóyá tanwíji ń jó nínú omi. Àwọn ìyá wa kò fẹ́ràn wọn rárá. Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, torí inú omi tó mọ́, tí a pọn pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀, ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà apọ́njú (yellow fever) kiri ń yé sí, ojú ọ̀sán ló sì ń jẹni. Ìlú wa kò ṣàjèjì sí àrùn náà; ó jà níbí ní 1946.

Ní 1986 ó bẹ́ sílẹ̀ ní apá Benue. Nígbà tó di 1987, ó ti wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára rẹ̀. Ìpínlẹ̀ 10 nínú 19 ló fara gbá a. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àjẹsára rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ìròyìn ni kò sí. Ojú aláìsàn á pọ́n, ilé á ní ibà lásán ni, wọ́n á se àgbo. Bó bá kú, wọ́n á sin ín. Nọ́ọ̀sì tó rí irú rẹ̀ mẹ́ta lábúlé kan kò mọ̀ pé ẹlòmíì rí mẹ́rin lábúlé kejì.

Òkú wọ̀nyẹn ló mú kí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìtọpinpin àti ìròyìn àrùn kalẹ̀ ní 1988. Ní 1989, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì to 40 àrùn sílẹ̀ tí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ máa ròyìn. Ní 1998 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbà láti pa ètò ìtọpinpin gbogbo àrùn pọ̀ sójú kan, kí onígbáméjì àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ má máa ní akọ̀wé tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DSNO, ìyẹn ẹni tó ń tọpinpin àrùn tó sì ń ròyìn rẹ̀, ni ètò náà gbé karí ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ti ibà apọ́njú kò dúró de ọ̀sẹ̀: ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tí a bá fura sí ti tó láti pe Ìbàdàn, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní 2017. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje kan ní Ìfẹ́lódùn, ní Kwara tó bá wa pààlà, ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Dakar, ní Senegal, fìdí tirẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹwàá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo! Ní 1987, ta ni ì bá gbọ́ nípa rẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Abúlé Oríire àti Ògo-Olúwa jìnnà, wọn kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé. Kí àwọn alága wa jọ̀wọ́ fi owó epo ọ̀kadà DSNO sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì san án lásìkò.