Kí ni Àbẹ̀wò Ilé nínú Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul?

Nínú ìjọ Kátólíkì, àbẹ̀wò ilé jẹ́ orúkọ iṣẹ́ kan pàtó. Òun ni kí ọmọ Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul méjì lọ bá ẹni tí ìyà ń jẹ nínú ilé tirẹ̀, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó pinnu ohun tí yóò ṣe. Àpò ìrẹsì tí wọ́n bá gbé dání ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí, ṣùgbọ́n nínú ìjókòó yẹn ni iṣẹ́ náà gan-an wà.

Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Vincent de Paul, ẹni tí a bí ní ọdún 1581 tí ó sì kú ní 1660. Ní ọdún 1617, nígbà tí ó ń ṣe olùtọ́jú ìjọ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Châtillon, wọ́n wá sọ fún un pé àìsàn ti dá gbogbo ará ilé kan dùbúlẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún ẹnì kejì. Ó mẹ́nu bà á nínú ìwàásù rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ènìyàn ti ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sí ilé náà pẹ̀lú oúnjẹ tí ó pọ̀ ju ohun tí àwọn aláìsàn lè jẹ kí ó tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ kejì. Vincent rí i pé àánú pọ̀ lọ́kàn àwọn ará ìlú, ètò ni kò sí. Ó kó àwọn obìnrin ìlú jọ, wọ́n sì pín ọjọ́ láàrin ara wọn.

Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí kò tíì sí nígbà ayé rẹ̀. Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1833, lọ́jọ́ tí Frédéric Ozanam, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, pé ọmọ ogún ọdún gẹ́lẹ́. Àwọn kan ti ń bi òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ni ìjọ wọn ń ṣe fún tálákà? Sista Rosalie Rendu, tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ láàrin àwọn aláìní àdúgbò Mouffetard, ni ó fi ilé hàn wọ́n, tí ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń wọlé tọ ẹni tí ìyà ń jẹ láìfojú tín-ín-rín rẹ̀.

Kọ́nfíránsì ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe ìpàdé, àpò kan á yí ká, oníkálukú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ iye tí ẹlòmíràn fi síbẹ̀, tàbí bóyá kò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni aláìní fúnra rẹ̀ fi lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láìtijú.

Ní Èkìtì, tí a ń pè ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ìtìjú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ ká mú màmá àgbà kan ní abúlé kan lápá Ìkọ̀lé, tí ó fi owó kòkó rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, tí kò sì gbúròó wọn mọ́. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò ní tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti gba kóńgò gàrí lójú àwọn tí wọ́n ti bá a jẹun rí. Bí àlejò méjì bá wọlé, yóò kí wọn dáadáa, yóò ní òun ti jẹun. Ẹni tí ó bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ni yóò rí i pé ààrò tutù, pé ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ṣófo, pé páànù orí ibùsùn ń jò. Oògùn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí màmá nílò, ìrẹsì ìbá sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lọ ní méjì-méjì: bí ọ̀kan bá ń bá a sọ̀rọ̀, èkejì á máa kíyè sí ilé, kò sì ní sí ẹnì kan tí yóò máa pe ara rẹ̀ ní olóore màmá. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ ìta. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ya fọ́tò tálákà pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́ ti gba ẹ̀bùn náà padà.

Wọn kì í fi ẹ̀sìn ṣe òṣùwọ̀n. Póòpù Benedict XVI kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, Deus Caritas Est, ní ọdún 2005, pé a kò gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ ìfẹ́ di ọgbọ́n tí a fi ń yí ènìyàn lẹ́sìn padà. Mùsùlùmí ni màmá yẹn ì báà jẹ́, oògùn kan náà ni wọn yóò rà fún un.

Àwọn ọ̀ràn kan wà tí ó ju agbára àpò lọ. Bí páànù bá ń jò, kọ́nfíránsì lè ra páànù, kí káfíńtà inú ìjọ sì bá wọn kàn án. Ṣùgbọ́n bí mọ̀lẹ́bí ọkọ bá ń lé opó kúrò nílé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni ìyẹn. JDPC, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ni ó yẹ kí wọ́n gbé e tọ̀ lọ, bí opó náà fúnra rẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀.